Ìgbésí Ayé Noah Webster, Olùtúmọ̀ Ọ̀rọ̀

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ àròkọ rí tí kò mọ ìṣòro yìí: ìlà ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ̀rọ̀ tí ó kàn sì gùn ju àyè tí ó kù lọ. Ó wá di dandan kí a pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì, kí a fa ìlà kékeré sí ìdí apá kìíní, kí a sì gbé apá kejì lọ sí ìlà tí ó tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, iṣẹ́ náà kò le, nítorí pé sílébù èdè wa kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì bí ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá lè pe o-lù-kọ́ lè pín in láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ti ṣe cluster, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ohun púpọ̀ tí ó so pọ̀ ní ojú kan bí èso àjàrà? Ṣé clu-ster ni tàbí clus-ter? Ìbéèrè yìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò mọ ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Ọkùnrin kan wà tí kò fojú kéré rẹ̀. Láti orí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó gbà á ní ọdún 45, kí ó tó gbé ìwé atúmọ̀ èdè ńlá rẹ̀ jáde. Noah Webster ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1758 ni a bí Webster, ní ìletò tí a ń pè ní West Hartford lónìí, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà. Ní àkókò náà, abẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àgbègbè náà wà. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, tí òun pẹ̀lú ń jẹ́ Noah. Ó sì tún jẹ́ díákónì nínú ìjọ. Mercy ni orúkọ ìyá rẹ̀. Wọn kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rí i pé ọkàn ọmọ rẹ̀ fà mọ́ ìwé ju ọkọ́ àti àdá lọ, ó pinnu láti rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga Yale. Owó kò sí nílẹ̀. Bàbá fi ilẹ̀ oko rẹ̀ dógò, ó yá owó, ó sì fi rán ọmọ lọ ní ọdún 1774, nígbà tí Noah kò tíì pé ọmọ ọdún 16. Àgbẹ̀ tí ó bá fi ilẹ̀ rẹ̀ dógò ti fi ohun tí ó ń jẹ dógò. Ẹ̀kọ́ tí a fi irú owó bẹ́ẹ̀ rà kì í ṣe ohun eré.

Kò pẹ́ tí ọmọ náà dé Yale ni ogun òmìnira bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ará Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oúnjẹ wọ́n, ẹ̀kọ́ dàrú, Noah pẹ̀lú sì bá bàbá rẹ̀ gbéra lọ ogun ní ọdún 1777. Síbẹ̀ ó kàwé yege ní ọdún 1778. Nígbà tí ó padà sí ilé, bàbá rẹ̀ fún un ní owó bébà dọ́là 8, owó tí iye rẹ̀ ti já wálẹ̀ gan-an nítorí ogun, ó sì jẹ́ kí ó yé e pé agbára òun kò gbé e mọ́. Láti ìsinsìnyí lọ, kí ó máa wá oúnjẹ òòjọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀dọ́mọkùnrin náà púpọ̀. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀, ó ń kàwé, ó sì ń ro bí ayé rẹ̀ yóò ti rí. Ó fẹ́ di agbẹjọ́rò, kò sì ní owó tí yóò fi kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Ó mú iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ń ka ìwé òfin ní ọ̀sán àti ní òru títí ó fi yege ní ọdún 1781. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òfin kò mú owó wọlé nígbà ogun. Ó tún padà sí ìdí pátákó ìkọ̀wé.

Ní ìdí pátákó yìí ni ó ti rí ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ìwé tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ sípẹ́lì ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà ni èyí tí Thomas Dilworth, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe. Nínú ìwé náà, clu-ster ni a pín cluster sí, ha-bit ni habit, bi-shop ni bishop. Webster ṣàkíyèsí pé ohun tí ojú ọmọ ń rí nínú ìwé kò bá ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́ mu. Ọmọ tí ó bá rí ha-bit yóò fa ohùn rẹ̀ gùn lórí a, yóò sì pe ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí. Ọ̀rọ̀ bí nation tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: Dilworth pín in sí mẹ́ta, na-ti-on, bẹ́ẹ̀ ni sílébù méjì péré ni ó ń ti ẹnu ènìyàn jáde. Ọmọ tí kò ṣẹ̀ kankan a wá máa jẹ pàṣán nítorí àṣìṣe ẹni tí ó ṣe ìwé.

Webster gbé ìlànà tirẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí a pín ọ̀rọ̀ sí ibi tí ẹnu gbé ń pín in. Bí fáwẹ̀lì kò bá fà gùn, kí a fi kọ́ńsónáǹtì tí ó tẹ̀ lé e sé e mọ́ sílébù rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, clu-ster di clus-ter, ha-bit di hab-it, bi-shop di bish-op. Na-ti-on sì di na-tion, sílébù méjì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é. Ní ìlú Goshen ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún 1782, ni ó ti kọ ìlànà yìí sínú ìwé. Ó gbé e jáde ní Hartford ní ọdún 1783, lọ́dún tí ó pé ẹni ọdún 25. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fara gbá ewu títẹ̀ ìwé náà, nítorí atẹ̀wé kò fẹ́ fi owó ara rẹ̀ dán an wò. Ẹ̀dà 5,000 ni a kọ́kọ́ tẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tà kí ọdún tó yípo. Nígbà tí ó yá, nítorí pé bébà aláwọ̀ aró ni a fi ń di ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ìwé ẹlẹ́yìn aró.

Webster tètè rí i pé ìwé tí ó bá ń tà kì í pẹ́ ní olè. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ̀ ẹ́, kí ó sì tà á láìfún òǹkọ̀wé ní kọ́bọ̀, nítorí pé kò sí òfin kan ní gbogbo Amẹ́ríkà tí ó kà á léèwọ̀. Ó gbéra, ó ń lọ láti ìpínlẹ̀ kan dé èkejì, ó ń bẹ àwọn aṣòfin pé kí wọn dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ènìyàn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń dáàbò bo oko àti ilé rẹ̀. Connecticut ṣe òfin náà ní ọdún 1783. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1790. Ní ọdún 1831, nígbà tí Webster ti lé ní ẹni ọdún 70, ó ṣì wà lára àwọn tí ó mú kí wọn sọ ọdún 14 tí òfin kọ́kọ́ fún òǹkọ̀wé di ọdún 28.

Ní ọdún 1789 ó fẹ́ Rebecca Greenleaf, ó sì bí ọmọ mẹ́jọ. Ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ ní New York láti ọdún 1793, ṣùgbọ́n ìjà òṣèlú sú u, ó sì kó ìdílé rẹ̀ lọ sí New Haven ní ọdún 1798. Kì í ṣe pé ìjà jìnnà sí ìwà rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́: Webster jẹ́ ènìyàn tí ó gbójú sókè, ó máa ń fi dá ara rẹ̀ lójú pé ọ̀rọ̀ tòun ni àṣẹ, àríyànjiyàn rẹ̀ sì pọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ó kéde ní ọdún 1800 pé òun fẹ́ ṣe ìwé atúmọ̀ èdè fún àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀tá rẹ̀ rí ohun fi ṣẹ̀sín. Wọ́n kọ yẹ̀yẹ́ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Lójú wọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni ó wà, ìwé ńlá tí Samuel Johnson ti ṣe ní London ní ọdún 1755 sì ti tó.

Ṣùgbọ́n Webster mọ ohun tí ó rí. Ọ̀rọ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà létí, kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà nítorí pé àwọn tí ń sọ ọ́ ti yí ìṣe wọn padà. Kí ni congress lójú ará London? Ìpàdé lásán. Lójú ará Amẹ́ríkà, ilé ìgbìmọ̀ tí ń ṣe òfin fún orílẹ̀-èdè ni. Bẹ́ẹ̀ ni ti senate, court àti assembly. Àwọn nǹkan mìíràn sì wà tí Johnson kò rí rí: skunk, ẹranko tí ń tú oorùn burúkú sí ọ̀tá rẹ̀ lójú, àti hickory, igi líle inú igbó wọn. Ìwé wo ni ọmọ Amẹ́ríkà yóò ṣí kí ó tó rí ìtumọ̀ ohun tí ó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀? Ní ọdún 1806, Webster gbé ìwé atúmọ̀ èdè kékeré kan jáde tí ó ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 40,000. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó dáwọ́ lé ńlá.

Iṣẹ́ náà gùn ju bí ó ti rò lọ. Ó kọ́ èdè tí ó lé ní ogún, kí ó lè mọ orísun ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní tábìlì ńlá kan tí a kàn ní bìrìkìtì, tí ó to ìwé atúmọ̀ onírúurú èdè sí yíká. Bí ó bá mú ọ̀rọ̀ kan, yóò bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, yóò máa ṣí ìwé kan tẹ̀ lé èkejì, yóò máa kọ ohun tí ó bá rí, títí yóò fi dé òpin tábìlì. Lẹ́yìn náà ni yóò tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn. Owó ìwé ẹlẹ́yìn aró ni ó ń bọ́ aya àti ọmọ ní gbogbo àkókò yìí, bẹ́ẹ̀ ni èrè orí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Nígbà tí ayé le, ó kó gbogbo ilé lọ sí Amherst ní ọdún 1812, nítorí pé ohun jíjẹ kò wọ́n níbẹ̀ tó ti New Haven. Ọdún mẹ́wàá ni ó lò níbẹ̀ kí ó tó padà.

Báwo ni ó ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀? Ẹ jẹ́ kí á mú oats, irú ọkà kan, ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí Johnson ń túmọ̀ rẹ̀, ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀: ó ní ẹṣin ni wọ́n ń fi í bọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ní Scotland ènìyàn ni ó ń jẹ ẹ́. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí oats rí kò lè tipa rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Webster kọ́kọ́ sọ irú ohun tí ó jẹ́, pé ohun ọ̀gbìn ni àti irúgbìn rẹ̀. Ó sọ pé ibi tí ó tutù ni ó ti ń ṣe dáadáa. Ó sì sọ pé oúnjẹ tí ó níye lórí ni fún ènìyàn ní Scotland, àti fún ẹṣin àti màlúù níbi gbogbo. Ọ̀nà tí ó tọ́ láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ nìyí. Kọ́kọ́ sọ ìran tí nǹkan náà ti wá. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ láàrin ìran rẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ tàbí ìbínú gba ipò òtítọ́.

Ní ọdún 1824, nígbà tí ó pé ẹni ọdún 65, ó wọ ọkọ̀ òkun pẹ̀lú William ọmọ rẹ̀, ó lọ sí ilé ìkàwé ní Paris láti wá ohun tí kò rí ní Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1825, ni ó ti kọ ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn. Bí ó ti dé orí ọ̀rọ̀ náà, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè di kálàmù mú. Bí ẹni tí ó ti gbé ẹrù la ọ̀nà jíjìn kọjá ni ó rí, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ fún. Ó parí ọ̀rọ̀ náà, ó dìde, ó sì ń rìn káàkiri inú yàrá títí ara rẹ̀ fi balẹ̀.

Kò rí atẹ̀wé kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò gba iṣẹ́ náà, ó gbé e padà sí ilé. Ní ọdún 1828 ni ìwé náà jáde ní ìdìpọ̀ méjì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ 70,000, nínú èyí tí 12,000 kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀dà 2,500 ni a tẹ̀. Dọ́là 20 sì ni owó rẹ̀, iye tí apá tálákà kò lè ká. Ó ń tà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ tún un tẹ̀ ní ọdún 1841, ó fi ilé rẹ̀ dógò kí ó tó rí owó, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti fi oko dógò ní nǹkan bí ọdún 67 ṣáájú. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1843 ni ó kú ní New Haven, ní ẹni ọdún 84. Kò rí èrè ńlá kankan jẹ nínú ìwé náà. George àti Charles Merriam, àwọn atẹ̀wé ní Springfield, ni ó ra ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tà á ní dọ́là 6 ní ọdún 1847. Láti ìgbà náà ni ó ti wọ ilé olówó àti ilé tálákà.

Gbogbo iṣẹ́ Webster kọ́ ni ó dúró. Ó gbàgbọ́ pé láti inú èdè àtijọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo èdè ayé ti ṣẹ̀, kò sì ka iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Jámánì sí, àwọn tí ó ti ń fi ẹ̀rí hàn nípa bí èdè ti ń yí padà. Nítorí náà, àṣìṣe pọ̀ nínú ohun tí ó kọ nípa orísun ọ̀rọ̀, wọ́n sì ti mú un kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Nínú akọtọ́ pẹ̀lú, àwọn ènìyàn gba color àti center lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ tung tí ó fẹ́ fi rọ́pò tongue. Ìdí nìyí tí ọmọ Nàìjíríà, tí a kọ́ ní colour àti centre ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ń bá ọ̀rọ̀ kan náà pàdé ní àwọ̀ mìíràn nínú ìwé tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Ṣùgbọ́n ní ti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, James Murray, tí ó ṣe olóòtú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́rìí pé a bí Webster mọ́ iṣẹ́ náà ni.

Ìlànà ìpínrọ̀ rẹ̀ sì wà títí di òní. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé ohùn ẹnu, wọ́n ń pín knowledge sí knowl-edge. Ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ lé bí a ti hun ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń pín in sí know-ledge. Àwọn ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ wà tí ènìyàn kò lè pín láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ wọn. Bí present bá jẹ́ ẹ̀bùn, pres-ent ni. Bí ó bá jẹ́ pé kí a mú nǹkan wá síwájú ẹlòmíràn, pre-sent ni. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé iṣẹ́ méjì tí Webster ṣe, pípín ọ̀rọ̀ àti títúmọ̀ rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ohun kan ṣì kù. Webster kọ ìwé lòdì sí òwò ẹrú ní ọdún 1793, ṣùgbọ́n nígbà ogbó rẹ̀ kò fara mọ́ àwọn tí ó fẹ́ kí a fòpin sí oko ẹrú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìwé rẹ̀ rìn jìnnà ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ní Baltimore, ọmọdékùnrin ẹrú kan wà, Frederick Douglass, tí ọ̀gá rẹ̀ ti kọ̀ fún aya rẹ̀ láti kọ́ ní ìwé. Ó ń ṣe àdàkọ lẹ́tà inú ìwé sípẹ́lì Webster títí ó fi lè kọ wọ́n láìwo ìwé. Ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ohùn wọn ró jù lòdì sí oko ẹrú. Lẹ́yìn tí òmìnira dé ní ọdún 1865, ìyá aláìní kan tí kò mọ ìwé kà wá ẹ̀dà ìwé ẹlẹ́yìn aró tí ó ti gbó fún ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ náà nítòsí. Ó jókòó ti ìwé náà, ó sì mọ púpọ̀ nínú lẹ́tà náà láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Booker T. Washington ni ọmọ náà, ẹni tí ó di ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee ní ọdún 1881.

Ẹ rò ó wò bí ìwé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbé lọ́wọ́, tí kò ní olùkọ́, bá ṣe ha-bit àti na-ti-on. Ta ni ìbá tọ́ ọ sọ́nà? Ẹni tí ó bá ń kọ̀wé fún ọmọdé kò lè mọ ọmọ tí yóò ṣí i, tàbí ibi tí ọmọ náà yóò jókòó sí. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ó tọ́, àní dé ibi tí a fa ìlà kékeré sí láàrin ọ̀rọ̀.